Èsì: Báwo ni Pierre Verger ṣe ti ìdí kámẹ́rà di ọ̀mọ̀wé?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní báwo ni Verger, ayàwòrán ará Faransé tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 17, ṣe di onímọ̀ àṣà.

Fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1946 ó dé Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, ibẹ̀ ló ti bá àwọn olórìṣà pàdé. IFAN, ilé ìwádìí àwọn Faransé ní Dakar, wá fún un lówó ìwádìí kó wá wo orísun ẹ̀sìn náà nílẹ̀ wa. Ó kó nǹkan bí 2,000 fọ́tò dé, wọ́n ní kò tó, kó kọ àlàyé tì í. Bó ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn, tipátipá. Lọ́dún 1953 wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó di Fátúnmbí. Yunifásítì Sorbonne ní Paris fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1966.

Ẹ má fojú kéré Rolleiflex, kámẹ́rà rẹ̀, o. Àyà ni wọ́n ń gbé e sí, èèyàn á tẹrí wo gíláàsì orí rẹ̀, kò ní fi kámẹ́rà bo ojú. Ṣùgbọ́n ọ̀tún dòsì nínú gíláàsì yẹn: bí elégùn bá yà sọ́tùn-ún, àwòrán á sáré sósì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò á sì yí kámẹ́rà lódì. Fọ́tò 12 péré ló wà nínú fíìmù kan. Bó bá tán láàárín ìlù, abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, torí oòrùn a máa wọ etí fíìmù.

Tí ẹ bá fẹ́ tọ ipa rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ nọ́ńbà fíìmù, ìlú, òrìṣà àti orin tí wọ́n ń kọ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ò ní mọ fọ́tò Ṣàngó ìlú Ìfànhìn yàtọ̀ sí ti ìlú Ṣakété mọ́.