Dátà wà, géèmù ṣì ń fà: níbo ni pákẹ́ẹ̀tì ń sọnù sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní ilé géèmù kékeré kan ní Kétu ní Benin, kò jìnnà sí ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà. PS4 mẹ́ta àti kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, rúta 4G kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Lọ́sàn-án, ó sàn díẹ̀. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa sáré lójú kan, kí wọ́n tó jí, àwọn ẹgbẹ́ kejì ti gbá gólì wọlé. Àwọn oníbàárà mi ń bínú. Mo ti ra dátà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàbó ló já sí. Ẹnì kan ní kí n lo VPN (ètò tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì ẹni gba ibòmíràn kọjá), ẹlòmíì ní kí n ra rúta tuntun. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù àwọn oníbàárà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Dátà tí ẹ fi kún un kò lè wo àìsàn yìí, nítorí géèmù kì í jẹ dátà púpọ̀. Eré bọ́ọ̀lù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà lò tó 1 Mbps. Pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé ìsọfúnni kéékèèké, ló ń fi ránṣẹ́, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó sì ń wá ni pé kí wọ́n dé lásìkò, kí wọ́n sì dé pé. Bí fídíò YouTube bá pàdánù pákẹ́ẹ̀tì, á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Ó ti kó díẹ̀ pa mọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Géèmù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn ti di àná. Ìdí nìyẹn tí fíìmù fi ń lọ geere lórí rúta kan náà tí bọ́ọ̀lù ti ń há.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń gan, tí mẹ́nù pàápàá ń fà, PS4 ló gbóná: ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú fáànù rẹ̀. Àmọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré lójú kan tí ẹ sọ yẹn, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí cmd (fèrèsé dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ ipconfig. Bí Windows yín bá ń sọ Faransé bíi ti ọ̀pọ̀ wa, nọ́ńbà tó wà níwájú « Passerelle par défaut » ni àdírẹ́ẹ̀sì rúta. Bó bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ tẹ ping -n 200 192.168.1.1, kí ẹ sì jẹ́ kó parí: á fi pákẹ́ẹ̀tì 200 ránṣẹ́, á sì wọn àkókò tí ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dé. Ó yẹ kí ìdáhùn máa wá láàárín ms díẹ̀ (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kí iye « perdus », ìyẹn àwọn tó sọnù, sì jẹ́ 0. Bí « Délai d'attente de la demande dépassé » (ìdáhùn kò dé lásìkò) bá ń yọjú níbí, pákẹ́ẹ̀tì yín kò tíì jáde nílé tó fi sọnù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Wi-Fi ló sábà máa ń fa èyí. PS4 àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tó jáde ṣáájú Slim àti Pro, kò mọ Wi-Fi mìíràn ju 2.4 GHz lọ, orí rẹ̀ sì ni ti aládùúgbò àti gbogbo Bluetooth inú yàrá ti ń jà. Ẹ lè yí ikanni padà sí 1, 6 tàbí 11, èyí tí kò bá kún. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Wi-Fi kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe nínú ilé géèmù. Àwọn PS4 yín kì í rìn. Ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì RJ45 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ihò ẹ̀yìn rúta kò bá tó, ẹ ra switch kékeré kan (àpótí tó ń sọ ihò wáyà kan di púpọ̀).

Bí ti inú ilé bá mọ́, ẹ ṣe ping -n 200 8.8.8.8, ti Google nìyẹn. Ẹ ṣe é ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ tún ṣe é ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí ẹ sì kọ iye « perdus » sílẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Bó bá tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mẹ́wàá nínú 200, eré ti bàjẹ́. Ẹ wo bí ping, ìyẹn iye ms ìdáhùn, ṣe ń fò pẹ̀lú: 90 tó dúró ṣinṣin sàn ju 40 tó ń fò lọ sí 300 lọ.

Bó bá burú lálẹ́ nìkan, ohun méjì ló lè fà á. Ẹ yọ fóònù gbogbo kúrò lórí Wi-Fi, kí PS4 kan ṣoṣo máa gbá, kí ẹ tún un wò. Bó bá sàn, inú ilé yín ni èrò ti pọ̀. Ọ̀nà tí 4G fi ń gbé nǹkan jáde tóóró ju èyí tó fi ń gbé e wọlé lọ. Oníbàárà kan tó jókòó de ìgbà tirẹ̀, fóònù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò lọ sí Google Photos. Bí ọ̀nà Ouando ní Pọ́tónóvò lọ́jọ́ ọjà ló rí, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dí i, zémíjàn (ọ̀kadà) tó gbé èrò kan péré kò rí ibi gbà. Ping á ti orí 60 fò lọ sí 600. Bí ìlà bá wá kún, rúta á máa ju pákẹ́ẹ̀tì nù. Ẹ pààrọ̀ kóòdù Wi-Fi, ẹ má sì fún oníbàárà (wọ́n á kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn). Kí « mise à jour » (àtúnṣe tuntun) àwọn PS4 máa wáyé lóru. Bí rúta bá ní QoS (ètò tó ń pín àyè íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ wọn ìyára ohun tó ń jáde, kí ẹ sì dín in kù sí nǹkan bí 80% iye tí ẹ bá rí.

Bí kò bá sàn, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò ló kún, gbogbo ilé ló ń lò ó lálẹ́. Rúta tuntun kò lè dá àyè sórí òpó. Ẹ gbé èyí tí ẹ ní kúrò lábẹ́ páànù, ẹ gbé e sójú fèrèsé, kí ẹ wo RSRP (agbára àmì 4G) nínú mẹ́nù rẹ̀: -85 dára, -110 kò dára. Ẹ yá SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, MTN, Moov tàbí Celtiis, kí ẹ tún ìdánwò alẹ́ ṣe kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ó ku ọ̀nà jíjìn. Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń rin nǹkan bí 200 km ní ms kan. Kútọnu sí Paris, tí a bá fà á tààrà lórí máàpù, tó 4,700 km; àlọ àti àbọ̀ ti gba ms 47. Wáyà inú òkun bíi SAT-3 àti ACE kì í sì í gba ọ̀nà tààrà, etíkun ni wọ́n ń tọ̀ yípo, 4G á sì fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, ping 100 sí Yúróòpù kì í ṣe àìsàn, ẹni tó bá ṣèlérí 20 fún yín ń purọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀) Gúúsù Áfíríkà torí pé Áfíríkà ni, bẹ́ẹ̀ Johannesburg fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí wa tó Paris, pákẹ́ẹ̀tì a sì tún máa gba Yúróòpù lọ síbẹ̀ nígbà mìíràn. Iye ping ni kí ẹ fi yàn. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ kọjá gbogbo wa: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ACE àti SAT-3 wà lára wọn, Benin sì fara gbá a.

VPN? Ó ń fi ọ̀nà kún ọ̀nà ni. Ìgbà tí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ yín ń gbà dé sáfà bá wọ́ nìkan ló lè ṣàǹfààní. Ẹ gbé ọ̀fẹ́ wò fún alẹ́ kan, bí ping kò bá wálẹ̀, ẹ pa á tì. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ tẹ tracert, àṣẹ tó ń to àwọn rúta ojú ọ̀nà lẹ́sẹẹsẹ, ẹ má bẹ̀rù ìràwọ̀ (*) tí ẹ bá rí láàárín. Ọ̀pọ̀ rúta ńlá kì í dáhùn, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì kọjá. Bí ìlà ìkẹyìn bá dáhùn dáadáa, kò séwu.

Bí ó bá já sí pé òpó ló kún, ẹ má kàn pe ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ ní « réseau (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) yín kò dára ». Ẹ kọ àdúgbò, aago, RSRP, iye « perdus » ti ìdájí àti ti alẹ́, kí ẹ sì fi hàn pé ping sí rúta kò pàdánù nǹkan kan. Bí wọn kò bá dáhùn, ìwé kan náà ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ ARCEP Bénin, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀.