Kí ẹ tó wọlé fún àmì ẹ̀yẹ ààbò ní kúárì yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọ̀gá yín fẹ́ kí kúárì yín wọlé fún àmì ẹ̀yẹ ààbò lọ́dún yìí, ó sì ní kí ẹ lọ kó ìwé jọ láti fi hàn pé kò sẹ́ni tó fara pa láti èṣí. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ẹ ṣe é, àti ohun tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń fẹ́ rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ààbò ní ibi ìfọ́kúta, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́, mo sì ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ ṣe é, àmọ́ kí ẹ má fi iye àwọn tó fara pa ṣe orí ọ̀rọ̀ yín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan. Wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́ ẹnu géètì, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ti ń lọ láìsí ẹni tó fara pa débi kó jókòó sílé ni wọ́n ń kọ sí i. Bí oṣù bá parí tí òǹkà yẹn kò já, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gba ìrẹsì àti òróró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta, lápá ẹ̀yìn pátápátá níbi tí bẹ́líìtì ti ń yí padà. Ó rí òkúta kan tó há sáàárín bẹ́líìtì àti róólà, ó nawọ́ sí i. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni róólà kọ́kọ́ mú. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ìka méjì ti rún. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n rán an, wọ́n dì í.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ilé iṣẹ́ lọ gbé e nílé wá sí sítọ̀. Wọ́n gbé àga oníke kan fún un, wọ́n da àpò bóòtù àti nọ́ọ̀tì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣà á. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ẹ̀jẹ̀ ti hàn lára aṣọ tí wọ́n fi dì í, oògùn tó lò sì ń kùn ún lóorun. Nígbà tó ti wá síbi iṣẹ́, wọ́n ní kò jókòó sílé. Òǹkà kò já. Ìrẹsì dé ní ìparí oṣù, òun náà sì gba tirẹ̀.

Irọ́ orí pátákó yẹn burú, àmọ́ èyí tó tún wá burú jù ú lọ ni pé wọn ò fi irin bo róólà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó irin lọ́wọ́ ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, ìdí náà kò sì sí nínú ìwé kankan. Róólà yẹn wà ní gbangba fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn ọmọ mìíràn sì ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2010 tó wà fún owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tó fara pa sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, létí láàárín ọjọ́ 7. Ọmọ yìí ì bá rí nǹkan gbà níbẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ kọ ránṣẹ́, nígbà tí wọ́n ti ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ba ìrẹsì gbogbo ilé jẹ́. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tó so oúnjẹ ilé wọn mọ́ ẹnu wọn ni mo bínú sí.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ìdíje máa ń kó gbogbo wákàtí tí òṣìṣẹ́ ṣe lọ́dún jọ, wọ́n á wá wo iye ìpalára tó bọ́ sínú wákàtí 200,000, tàbí 1,000,000. Wákàtí 200,000 yẹn ni 100 òṣìṣẹ́ ń ṣe lọ́dún, bí oníkálukú bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50. Kúárì tó ní òṣìṣẹ́ 60 á ṣe nǹkan bíi 120,000. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fara pa níbẹ̀, ìwọ̀n wọn nínú wákàtí 200,000 ti di 1.67. Bí kò bá sẹ́nì kankan, òdo ni. Kò sí ohunkóhun láàárín méjèèjì. Kúárì tí gbogbo irin ìdáàbòbò rẹ̀ ti já lè rí òdo lọ́dún kan nítorí pé orí kó wọn yọ, kí èyí tó ń sapá gidi sì gba 1.67 nítorí ẹnì kan tó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá mọ ìwé yìí kà, òdo ọdún kan látọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kékeré kò lè sọ nǹkan kan fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀gá tí wọn ò bá gbà. Àmì ẹ̀yẹ kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1941, John T. Ryan Trophy, ibi ìwakùsà tí ìpalára rẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n ń fún. Ibi ìwa-èédú kan tó ń jẹ́ Westray, ní abúlé Plymouth ní Nova Scotia, gba èyí tí wọ́n ń fún àwọn awa-èédú fún iṣẹ́ ọdún 1991. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ní ìdájí ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1992, gáàsì methane gbiná nísàlẹ̀ ilẹ̀, eruku èédú tó kún inú ihò gbé iná náà káàkiri, gbogbo àwọn 26 tó wà nísàlẹ̀ ló kú. Òkú 15 ni wọ́n rí gbé jáde. Àwọn 11 yòókù ṣì wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀.

Eruku yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun ni wọ́n ń fọ́n lé eruku èédú, kó má bàa gbé iná. Iṣẹ́ tí kò le ni, kò sì wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ìbúgbàù náà, olùbẹ̀wò ìjọba ti fún ilé iṣẹ́ náà ní àṣẹ lórí ìwé pé kí wọ́n gbá eruku kúrò, kí wọ́n sì fọ́n òkúta ẹfun. Wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ. Adájọ́ K. Peter Richard tí wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997, ó sì sọ ọ́ gbangba pé àjálù tí èèyàn lè rí láti òkèèrè ni. Kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó lè hàn lórí ìwé tó ń ka ìka tó gé àti ẹsẹ̀ tó rọ́. Eruku tó wà nílẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí náà òǹkà rẹ̀ jẹ́ òdo títí di àárọ̀ ọjọ́ tó pa èèyàn 26.

Bákan náà ni ti ọkọ̀ ìwapo Deepwater Horizon ní ọdún 2010. Ní ọjọ́ tó gbiná gan-an, àwọn ọ̀gá wà lórí rẹ̀ tí wọ́n wá báwọn òṣìṣẹ́ yọ̀ fún ọdún méje láìsí ìpalára tó gbé èèyàn sílé. Èèyàn 11 kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Èyí tó kàn wá jù ní kúárì tiwa ni eruku òkúta. Òkúta líle tí a ń fọ́ ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní silica, ẹni tó bá ń fà á sínú lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Nígbà tí èémí bá ń ṣòro fún un, ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ó ti padà sí abúlé rẹ̀. Kò sí pátákó tó máa kà á. Ní South Africa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọyọ̀ fún ibi ìwakùsà tó bá ṣe ṣíìfù iṣẹ́ mílíọ̀nù kan láìsí ẹni tó kú, àwọn awa-góòlù tí àrùn yìí mú ló pe àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́, àdéhùn tí ilé ẹjọ́ gíga Johannesburg fọwọ́ sí ní 2019 sì tó bílíọ̀nù 5 owó rand. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ ti wọn eruku tó wà níbi tí ọmọ yín tó ń gbẹ́ ihò sínú àpáta ń dúró sí rí. Ẹ wo ìbòmú rẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ lásán tó so mọ́mú ni, inú ìwé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ kórìíra àmì ẹ̀yẹ o. Àwọn tó dá a sílẹ̀ rí ohun tó mú wọn dá a sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1907 nìkan, àwọn awa-èédú tó kú lé ní 3,000, 362 nínú wọn kú ní Monongah lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Herbert Hoover, tó wà ní ipò mínísítà ètò òwò nígbà náà, dá Sentinels of Safety sílẹ̀ ní 1925, ohun ńlá ni kí ilé iṣẹ́ máa ka àwọn tó fara pa rárá, kí wọ́n sì fẹ́ kí iye wọn kéré sí i. Àkókò yẹn ló ṣe rẹ́gí fún. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gbé òdo nìkan ga, ó ń kọ́ àwọn èèyàn láti fi nǹkan pamọ́ ni.

Ó wá kan ìwé yín. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn olùṣètò bóyá wọ́n ń ka àwọn òṣìṣẹ́ kọntiráátọ̀ mọ́ ọn: awakọ̀ típà, àwọn tó ń gbẹ́ ihò, ọmọ tó ń dí ẹrù. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ kà wọ́n síbẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé ewu tó kù díẹ̀ kó bá yín hàn, gbogbo rẹ̀: òkúta tó fò kọjá ààlà nígbà tí ẹ fọ́ àpáta, típà tó fẹ́ yí dànù létí ọ̀gbun, ẹ̀tù tó wà nínú ihò tí kò bú. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí i, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, àti orúkọ iṣẹ́ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó mọṣẹ́ lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí. Mo ti rí ẹni tó gbé ìwé wa lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́kúta, tó ń fi ìka tọ́ ìlà kan, tó sì ń wò bóyá irin tí a ní a fi síbẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà níbẹ̀. Kò bi wá ní nǹkan púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ má gbàgbé ìwé ilé ìpamọ́ ẹ̀tù. Láti ìgbà tí ilé bú gbàmù ní Bodija n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, tí gómìnà sì sọ pé ẹ̀tù táwọn awakùsà tí kò bófin mu kó pamọ́ sílé ló fà á, kò yẹ kí kúárì kankan ní ilẹ̀ Yorùbá wá sí iwájú ẹnikẹ́ni láìlè sọ iye ẹ̀tù tó wọlé, iye tó jáde, iye tí wọ́n lò, àti iye tó ṣẹ́kù. Bí òǹkà méjì kò bá bára mu, ẹ fi àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ ná, kí ẹ wá ibi tó gbà lọ.

Ní ti ẹ̀bùn òṣìṣẹ́, níbi tí mo wà báyìí, a kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan torí pé kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹni tó bá mú ewu wá là ń fún. Awakọ̀ páylódà kan dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó rí ojú sísán lára ògiri àpáta tí wọ́n ń kó òkúta lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́, àwọn oníbàárà bínú, típà tò dé títì. Manéjà pè é síwájú gbogbo èèyàn nípàdé àárọ̀ kejì, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kó owó fún un, ó ní kó fi ibi tó rí hàn wá. Láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ rí ló ń wá kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì mi.

Bí ọ̀gá yín bá fárígá pé òdo lòun fẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí aṣojú òṣìṣẹ́ ka fọ́ọ̀mù náà, kó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín kó tó jáde. Kí ẹ tún fi í wé ìwé ọsibítù tí ilé iṣẹ́ ń lò, kí ẹ mọ̀ bóyá iye ẹni tí wọ́n rán ọgbẹ́ fún lọ́dún náà bá ti yín mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ má fọwọ́ sí i.