Lítà Epo Tí Kò Wọ Inú Táńkì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìwọ ni o ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, àti pé láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni ọ̀gá tí ó wà lórí rẹ ti ń ní kí o kọ 500 lítà díísù sínú ìwé nígbà tí ó jẹ́ pé 400 ni ọkọ̀ já sínú táńkì. O ń fọwọ́ sí i, ó sì ń fún ọ ní ₦20,000 lóṣooṣù, èyí tí o fi ń san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ, tí o sì ń yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀. O wá bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ nígbà tí ó jẹ́ pé àṣẹ ni o tẹ̀ lé, àti bóyá kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ. N kò sọ bẹ́ẹ̀ láti fi bú ọ, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń dá a lẹ́bi tó báyìí kò nílò èébú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ kò lè rí kọ́bọ̀ mú nínú owó náà láìsí ọwọ́ rẹ níbẹ̀, nítorí ìwé tí o fọwọ́ sí ni akápò ń wò kí ó tó sanwó fún ẹni tí ó gbé epo wá. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe 11:1 sì sọ pé òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ẹsẹ yìí ni ó dá lórí àwọn ìyá tí ń wọn gàrí lọ́jà, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ọ̀pá tí o fi ń wọn epo nínú táńkì náà jẹ́ òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí o ń kọ iye rẹ̀ sí.

Èmi fúnra mi ṣe akọ̀wé owó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá mi kan ní kí n fọwọ́ sí ìwé ìsanwó tí déètì orí rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, mo sì fọwọ́ sí i nítorí pé mo bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ fi máa dé ní ọdún kejì, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, orúkọ tèmi nìkan ni wọ́n rí bá wí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá kọ irọ́ sínú ìwé owó agbanisíṣẹ́ rẹ̀ láti fi lu jìbìtì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7, pípè tí ọ̀gá pe irọ́ náà fún un kò sì sọ ọ́ di òótọ́.

Ní ti pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, rò ó wò pé nígbà tí àwọn agbowó-orí bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe, nínú Lúùkù orí kẹta, kò ní kí wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́ wọn. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a yàn fún wọn lọ. Dúró sí ìdí táńkì náà, kí o sì wọn epo bí ó ti yẹ. Kí ọkọ̀ tó tún dé, lọ bá ọ̀gá rẹ ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:15 ti wí, kí o sì sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò ní lè kọ ju iye tí mo bá wọ̀n lọ mọ́.” Má ṣe wàásù fún un, má sì ṣe halẹ̀. Ní ọjọ́ tí epo bá dé, ti ọ̀pá bọ táńkì ṣáájú kí wọ́n tó já a àti lẹ́yìn rẹ̀, kí awakọ̀ àti ọlọ́dẹ wà níbẹ̀, kí o sì kọ ohun tí ojú gbogbo yín rí.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́. Òun ni o ní láti lọ bá, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tìrẹ kí o tó mẹ́nu kan ti ẹlòmíràn. Númérì 5:7 ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ dá ohun tí ó mú padà, kí ó sì fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. ₦120,000 ni ó ti dé ọwọ́ rẹ. Bí a bá fi ₦24,000 lé e, ó di ₦144,000, o sì lè bẹ̀ ẹ́ kí ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ. Ìdámẹ́wàá tí o ti san kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè yìí. Àwọn tí Sákéù, agbowó-orí inú Lúùkù orí kọkàndínlógún, rẹ́ jẹ ni ó ṣèlérí láti san án padà fún, ní ìlọ́po mẹ́rin.

N kò lè ṣèlérí fún ọ pé wọn kò ní lé ọ. Jósẹ́fù kọ̀ láti dẹ́ṣẹ̀ ní ilé Pọ́tífárì, ẹ̀wọ̀n ni ó sì bá ara rẹ̀. Nítorí náà, sọ òótọ́ fún àbúrò rẹ láti ìsinsìnyí pé owó kan ti kúrò nínú èyí tí o fi ń ràn án lọ́wọ́, kí ẹ jọ lọ bẹ ilé-ìwé rẹ̀ kí wọ́n gbà á ní ìdá méjì, kí o sì béèrè ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bí o bá wà nínú ọ̀kan. Bí o bá ti bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ tán, tún kọ̀wé sí mi.