Èsì: Family ni kí n kà ni, àbí acute care?

Àbúrò mi, o ní o ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rin ní ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní Texas, o fẹ́ di nurse practitioner, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i tó lè yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn, o sì ń béèrè ẹ̀ka tó yẹ kí o kà: family, tó wà fún gbogbo ìdílé, tàbí acute care, tó wà fún àìsàn tó le. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, ojú mi rí nǹkan.

Ìwọlé kò le. O ní BSN, ìyẹn dìgírì nọ́ọ̀sì, o ní láísẹ́ǹsì RN tí o fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o mọ ìyókù. Ìbáà ṣe master's ìbáà ṣe DNP, ìyẹn oyè dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni o kà, wọ́n á jẹ́ kí o ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí nurse practitioner.

Preceptor ni wàhálà, ẹni tí a ń tẹ̀ lé láti tọ́jú aláìsàn, tó ń fọwọ́ sí wákàtí wa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kàwé. Nígbà tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀, wọ́n fi dá mi lójú pé wọ́n á bá mi wá a. Ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, púpọ̀ nínú nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Kílíníìkì 41 ni mo pè. Tí mo bá ti ṣiṣẹ́ òru tán, n kì í sùn, inú mọ́tò ni mo ti ń pe wọn. Dókítà kan gbà nígbẹ̀yìn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí sáà bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá òun kò fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ilé-ìwé mi. Sáà yẹn lọ, mo sunkún títí. Mo kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka wa, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá múra á rí ẹni. Inú ṣì ń bí mi dòní. Wọ́n gbowó kí wọ́n lè kọ́ wa, wọ́n tún ní ká lọ wá olùkọ́ fúnra wa! Nígbà tèmi, wákàtí 500 tí a fi ń tọ́jú aláìsàn lọ́dọ̀ preceptor ni ó kéré jù. Ìlànà ẹ̀kọ́ nurse practitioner ti ọdún 2022 ti gbé e dé 750. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni yóò wá preceptor fún ọ. Bí wọ́n bá kọ̀, má san nǹkan kan.

Ṣọ́ra fún àdéhùn iṣẹ́ náà. Ní Texas, o kò lè kọ oògùn fún aláìsàn láìsí ìwé àdéhùn pẹ̀lú dókítà. Ní New Mexico tó múlé gbè yín, kò sí irú rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n máa san owó dókítà náà lóṣooṣù. N kò ka ìwé náà dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè rẹ. Family ni mo kà, torí gbogbo ayé ní kò síbi tí kò gbé èèyàn dé. Kílíníìkì ni ó ń kọ́ èèyàn fún, àtọmọdé àtàgbà. Nígbà tí mo fẹ́ padà sí ICU, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi kò dé ibẹ̀. Mo tún padà lọ gba ìwé ẹ̀rí kejì, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá preceptor. Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá wà ní ICU, adult-gerontology acute care ni kí o kà. Kò kan ọmọdé o. ANCC tàbí AACN, àwọn àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé ẹ̀rí, ni wàá ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí o tó san owó ìforúkọsílẹ̀, lọ bá àwọn nurse practitioner tó wà ní ICU yín lọ́sẹ̀ yìí, kí o bi wọ́n ta ni yóò gbà láti ṣe preceptor rẹ.