Kí ẹ tó wọ aago yín wọnú púùlù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní ìyàwó yín ra smartwatch fún yín lọ́jọ́ ìbí, pé wọ́n kọ IP68, nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe lè dènà eruku àti omi tó, sí i lẹ́yìn, pé ẹni tó tà á ní ẹ lè máa fi lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń lọ ní Alágbàká, àmọ́ ẹ̀rù ń bà yín kí iná má lọ gbé yín nínú omi. Aago méjì ló ti kú sínú omi mọ́ mi lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́ yìí kan náà. Ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ti iná tí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ fọkàn balẹ̀. Bátìrì inú aago ọwọ́ kì í sábà ju fóltì (volt) 4 àti díẹ̀ lọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí ẹ bá tò léra wọn lágbára jù ú lọ, kò sì sí ẹni tí ìyẹn gbé rí. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni cháájà, torí iná ilé ló ń wọ inú ẹ̀. Ẹ má gbé e dé etí omi rárá. Bátìrì tí omi ti wọ̀ náà lè gbóná, ó lè wú. Tí ẹ bá rí i pé gíláàsì tàbí ẹ̀yìn aago ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń tì í láti inú, ẹ tètè bọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ má sì cháájì ẹ̀ mọ́.

Ọdún 2019 ni orúnkún ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Obìnrin tó ń bá mi na ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn ní kí n yé sáré, kí n máa lúwẹ̀ẹ́, kí n sì máa ṣọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù nítorí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mo ṣe ra aago àkọ́kọ́ nìyẹn, ₦14,000, létí ọ̀nà Ọba Adésidà. IP68 ló wà lẹ́yìn tòun náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ fún yín ni wọ́n sọ fún mi. Ọjọ́ kẹta tí mo wọ̀ ọ́ wọnú púùlù, mo dúró létí omi kí n wo àkókò, mo rí nǹkan funfun kan ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì, kò ju hóró gàrí kan lọ. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, kò kúrò. Inú ló wà. Kí n tó gun àtẹ̀gùn jáde, ó ti tàn dé àárín, ojú aago ti ṣú bíi gíláàsì mọ́tò akérò tí òjò ká mọ́ ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi délé, mo gbé e sórí tábìlì, ó ń gbọ̀n rìn lórí tábìlì títí bátìrì fi kú.

Mo rì í sínú ìrẹsì fọ́jọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sọ. Ìrẹsì ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí omi wà, ìrẹsì ò débẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n dà sínú omi púùlù sì ti ń jẹ àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jókòó ka ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. 6 tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti omi rárá, ti eruku ni. 8 ni ti omi: aago náà lè wà nínú omi tó jìn ju mítà 1 lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe jìn tó àti ìṣẹ́jú tí yóò lò níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Omi lásán tó mọ́ ni wọ́n fi ń dán an wò, aago á sì dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Ṣé bí àwa ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn? Apá wa ń gbá omi, ó ń ya omi, a tún ń fò sínú rẹ̀ láti òkè. Omi tí ẹ bá fi ọwọ́ gbá lágbára ju omi tó dúró lọ. Ẹni tó bá ti fi àyà lu omi rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wá lẹ́yìn aago ni 5 ATM (ATM yìí kì í ṣe ẹ̀rọ owó o, ìwọ̀n agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan ni). Àwọn mìíràn á kọ ọ́ ní 50 m. Ìlànà tí wọ́n fi ń dán aago wò, ISO 22810, ni ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe pé kí ẹ lọ mòòkùn dé 50 mítà o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n fi agbára tí omi tó dúró jẹ́ẹ́ máa ń fi tẹ nǹkan ní 50 mítà nísàlẹ̀ tẹ aago náà, omi ò sì wọlé. Fún púùlù tí a ń wí yìí, ó tó. Apple Watch ti àkọ́kọ́ kò ní in, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní kí wọ́n má rì í sómi. Láti Series 2 tó jáde lọ́dún 2016 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní in. Ọ̀pọ̀ Galaxy Watch ti Samsung ló ń kọ méjèèjì, 5 ATM àti IP68. Tí mo bá rí IP68 tó dá wà láìsí 5 ATM, òjò àti ọwọ́ fífọ̀ ni mo kà á kún. Ayédèrú ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ ohunkóhun sẹ́yìn aago, nítorí náà orúkọ aago ni kí ẹ fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Aago kejì ló dùn mí jù, torí mo rò pé mo ti gbọ́n kí n tó rà á. Lọ́dún 2021 ni. Ojúlówó ni, 5 ATM, tòkunbọ̀, owó gidi ni mo san. Oṣù márùn-ún ni mo fi lúwẹ̀ẹ́, kò sí wàhálà. Nígbà tó yá, bátìrì rẹ̀ kò gbé iná dúró dọ̀sán mọ́, mo bá gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi atẹ́gùn gbígbóná rọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ó fi ike pẹlẹbẹ kan ṣí i, ó pààrọ̀ bátìrì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tó ń ṣí i ni mo rí nǹkan dúdú kan tó já kúrò létí aago, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó fẹ́ ẹ dànù lórí tábìlì. Mi ò bi í pé kí ni. Nǹkan yẹn ló ń dí omi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 11 péré ló lò nínú omi tó fi ṣú pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aago, ti ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ ló ń sọ. Kò mọ̀ pé aago ti já bọ́ lórí táìsì bálùwẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣí i. Rọ́bà àti gọ́ọ̀mù ló ń dí omi nínú gbogbo wọn, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ń gbó. Ọṣẹ ń jẹ ẹ́, lọ́fínńdà ń jẹ ẹ́, òògùn ẹ̀fọn tí a ń fi para náà ń jẹ ẹ́. Apple kọ ọ́ kedere pé bí aago àwọn ṣe ń dènà omi kì í wà títí, pé kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún un dí tàbí dán an wò lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ohun tí mo máa ń rí ní púùlù ni pé èèyàn á jáde nínú omi, á gba abẹ́ omi gbígbóná lọ pẹ̀lú aago lọ́wọ́, á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ bó o. Omi púùlù kọ́ ló ń pa aago àwọn yẹn, ìwẹ̀ yẹn ni. Ẹ máa bọ́ ọ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọṣẹ.

Omi iyọ̀ tún burú ju ti púùlù lọ. Àbúrò ìyàwó mi wà ní Igbókòdà, òkun ló sì máa ń wọ aago rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi í hàn mí, àwọn irin kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí cháájà ń fara kàn, ti di aláwọ̀ ewé bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ò sì wọlé mọ́ nítorí iyọ̀ tó gbẹ sí i. Omi tó mọ́ ló yẹ kó fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kó nù ún, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó cháájì ẹ̀. Tí irin yẹn bá tutù tí iná sì wọ̀ ọ́, kíá ló ń dípẹtà.

Ọ̀rọ̀ ìlera wá kù, òun ni mo kà sí jù, torí aago lè yè kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má yè. Ní 2022 ni mo ra ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ kan mo ti lọ mo ti bọ̀ nínú púùlù, mo gbá etí rẹ̀ mú, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wo aago, ó ní ọkàn mi ń lù ní 84. Mo fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, mo kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú: 68. Ìyẹn jẹ́ 136 fún ìṣẹ́jú kan. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn aago ló ń tàn wọnú awọ ara láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Tí omi bá ti rá pálá sáàárín aago àti awọ, tí ọwọ́ sì ń jù síwá sẹ́yìn, ohun tó rí kọ́ ló ń kà mọ́. Mo máa ń fún okùn rẹ̀ le díẹ̀ báyìí, ó dín in kù, kò mú un kúrò. Tí dókítà bá ti fún yín ní iye kan tí ọkàn yín ò gbọdọ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ìka yín ni kí ẹ fi kà á.

Kí n tó wọmi, mo máa ń ti ojú aago pa kí omi má máa tẹ̀ ẹ́ bí ìka. Mi ò kì í tẹ bọ́tìnnì nínú omi, mi ò sì fi í fò sómi láti òkè mọ́. Okùn rọ́bà ni mo lò, torí awọ máa ń rà. Tí mo bá délé, mo máa ń bọ́ ọ kí ọwọ́ mi gbẹ, ó ti ṣe mí ní ìléròrò rí. Tí òjò bá ti ṣú tí mànàmáná ń kọ, ẹ jáde, yálà aago wà lọ́wọ́ yín tàbí kò sí.

Ẹ yí ẹ̀yìn tiyín wò lálẹ́ yìí. Tí 5 ATM bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ IP68, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ká jọ wá a. Tí kò bá sí, ẹ máa wọ̀ ọ́ rìn láàárọ̀, ìyàwó yín á máa rí i lọ́wọ́ yín, àmọ́ tí ẹ bá dé etí púùlù, ẹ bọ́ ọ sínú bàtà, kí ẹ fi aṣọ ìnura bò ó. Oòrùn ọ̀sán náà ò dáa fún bátìrì.