Kí ló dé tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa ń fi "Offline" hàn nígbà tó wà ní títàn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, àdírẹ́sì IP rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ ọ́n lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló yí padà. Router, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń pín àdírẹ́sì; bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà tí wọ́n tún tàn án, ó lè gba òmíràn, kọ̀ǹpútà yín á sì máa wá a níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wọ ètò DHCP (èyí tó ń pín àdírẹ́sì) lórí router, kí ẹ ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà MAC ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀). Lórí Windows, ẹ wá fi Standard TCP/IP Port so ó mọ́ àdírẹ́sì yẹn (port 9100 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò). WSD, ọ̀nà ìsopọ̀ mìíràn tí Windows sábà máa ń yàn fúnra rẹ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Bó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ẹnìkan lẹ ń gbà tẹ̀wé, tí kọ̀ǹpútà yẹn bá ti sùn, iṣẹ́ dúró nìyẹn.