Ta ni Max Yalden, iṣẹ́ wo ni ó sì ṣe fún ìjọba Kánádà?

Max Yalden ni Kọmíṣánnà kejì fún Èdè Ìjọba ní Kánádà, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, láti 1977 sí 1984. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ó sì ṣiṣẹ́ ní Moscow àti Paris. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe igbákejì mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀. Ipò yìí kì í ṣe ti olóṣèlú o. Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa ni ó bá a dọ́gba.

Òfin 1969 ni ó dá ọ́fíìsì kọmíṣánnà yìí sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ èdè Faransé ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n sì dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí kọmíṣánnà. Òun yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà, yóò dá ìmọ̀ràn, yóò sì jábọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dọọdún. Ní àsìkò Yalden, kọmíṣánnà kò lágbára láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìjábọ̀ yẹn gan-an ni ohun ìjà rẹ̀. Òfin náà kò sì de ṣọ́ọ̀bù aládàáni.

Nígbà tí Yalden kúrò níbẹ̀, ó di aṣojú Kánádà ní Belgium, ìlú mìíràn tí ọ̀rọ̀ èdè ti le. Láti 1987 sí 1996, òun ni olórí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Kánádà, kí ó tó wọ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó kú ní 2015.